Máákírò ò ṣàìsàn, àwa la fọ́n nọ́ńbà wa káàkiri

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣábẹ̀, ní Kétu, ní Ìdàáṣà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní òdìkejì odò Okpara ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwa olùkọ́ kan ní agbègbè Kaboua la ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn wá níkùn, a ò sì ní gbé e mì mọ́.

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Excel ya gíráàfù máàkì àwọn ọmọ, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní nọ́ọ̀tì, gbólóhùn kan ṣoṣo la máa ń gbọ́ nígbà tí gíráàfù bá kọ̀ tí kò jáde: "Máákírò ti bàjẹ́." Ẹlòmíràn á ní kọ̀ǹpútà ló kó kòkòrò. Ẹlòmíràn á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí sémì, ó di Ṣábẹ̀, á lọ sanwó fún ọmọkùnrin kan tí yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, tí yóò sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá padà dé, gíráàfù náà ò tún ní jáde. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Irọ́ ni pé máákírò ló bàjẹ́. Nọ́ńbà tí a kó fún un ló fọ́nká, àwa náà la sì fọ́n ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí máákírò jẹ́, nítorí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oògùn. Àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ni, ìlà lẹ́yìn ìlà, tí Excel ń tẹ̀ lé: ṣí fáìlì yìí, lọ sí ojú-ewé yìí, mú nọ́ńbà láti àpótí B2 dé B31, fi ya gíráàfù. Ohun tí a bá kọ ló ń ṣe. Bí kíláàsì bá ti di ọmọ 47, tí àṣẹ ṣì ń sọ pé kó dúró ní B31, ibẹ̀ ni yóò dúró. Àwọn ọmọ tó kù kò sí nínú gíráàfù, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni tiwa ṣe rí. Olùkọ́ CM2 ní fáìlì tirẹ̀, ojú-ewé kan fún oṣù kan. Olùkọ́ CE2 ṣe ojú-ewé kan fún ọmọ kan, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ́ òun lójú. Màdáàmù tó ń kọ́ CM1 kò ní kọ̀ǹpútà. Orí fóònù ló ń kọ máàkì sí, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹlòmíràn á wá dà á sínú Excel. Àgbà kan nínú wa ṣì ń fi bíìkì kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Èyí tó gbọ́ Excel jù nínú wa ló tún ba nǹkan jẹ́ jù: ó da àpótí pọ̀ kí àkọlé lè wà láàárín, ó fi ìlà òfìfo pín ọkùnrin sí obìnrin, ó kun ọmọ tó yege ní àwọ̀ ewé. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n máákírò tó ń wá ibi tí àtẹ parí sí, tó bá bá ìlà òfìfo pàdé, ó lè rò pé òpin nìyẹn. Báyìí la ṣe ya gíráàfù kan tí kò ní ọmọbìnrin kankan nínú.

Ọmọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló bá wa kọ máákírò náà. A ò bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ wa bí a ṣe ń to nǹkan. A ní kó ṣá ṣe ohun tí yóò ṣí gbogbo fáìlì wa, tí yóò kó máàkì jọ, tí yóò sì ya gíráàfù kí a tó dé ibi ìpàdé àwọn òbí. Ó ṣe é. Ó fi ránṣẹ́.

Àkọ́kọ́, kò ṣí. Láti 2022 ni Microsoft ti ń dí máákírò tó bá wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn olè ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí fáìlì bá jẹ́ ti ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún asin tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Propriétés, ẹ tẹ Débloquer, ó parí. Bí ẹ ò bá mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó tún fáìlì náà tọ́jú ní .xlsx dípò .xlsm, Excel béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ Oui láì kà á, máákírò sì dàwátì. Ó búra títí pé wọ́n jí i.

Nígbà tó ṣí, ìkìlọ̀ jáde: Erreur d'exécution '9', L'indice n'appartient pas à la sélection. Gbogbo wa kàwé ní èdè Faransé, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó ń sọ kò le rárá. Ó ní: "Ẹ ní kí n lọ sí ojú-ewé kan, mi ò rí ojú-ewé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Excel ti Ìbàdàn ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Sheet1 ló ń sọ ojú-ewé tuntun. Excel tiwa ń sọ Faransé, Feuil1 ló ń sọ ọ́. Máákírò dé inú fáìlì wa, ó ń wá Sheet1, kò bá a níbẹ̀. A tún ìyẹn ṣe, ó tún kọ̀ níwájú: ó ń wá gíráàfù tó ń jẹ́ Chart 1, nígbà tí Excel wa ti sọ ọ́ ní Graphique 1.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Láti 1889 tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti jọ jókòó fa ìlà sí ilẹ̀ wa, a ti ń fo ìlà náà lọ sọ́jà, lọ síyàwó, lọ sóró. Ìlà náà ti wọ inú kọ̀ǹpútà báyìí, a ò mọ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní kí gbogbo wa yí Excel wa sí Gẹ̀ẹ́sì, kó bá ti Nàìjíríà mu. Àwọn kan ní a ò gbọdọ̀ gba fáìlì láti òdìkejì mọ́, kí a lọ wá oníṣẹ́ ní Cotonou. Àwa ò bá ẹ̀gbẹ́ kankan lọ. Tí ẹ bá yí èdè Excel padà, Feuil1 tó ti wà nínú fáìlì kò ní yí orúkọ padà. Tí ẹ bá sì rí oníṣẹ́ Cotonou, kì í ṣe òun ni yóò to nọ́ńbà yín. Ohun tó yẹ ni kí a fún ojú-ewé wa ní orúkọ tí a fi ọwọ́ ara wa sọ, NOTES_CM1 fún àpẹẹrẹ, kí máákírò máa pe orúkọ yẹn. Gíráàfù náà, nígbà tí máákírò bá ń dá a sílẹ̀ ni kó ti dì í mú, kó má dúró kí Excel sọ ọ́ lórúkọ kó tó wá a kiri. Bẹ́ẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, yóò ṣiṣẹ́ ní Kaboua.

Ẹnì kan wà láàárín wa tó fẹ́ràn Faransé ju bí àwọn Faransé ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó wọ inú máákírò, ó rí AVERAGE, ó pa á rẹ́, ó kọ MOYENNE síbẹ̀. Gbogbo àpótí di #NOM?. Nínú máákírò, bí a bá lo .Formula, Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ iṣẹ́ Excel ń jẹ́ níbi gbogbo láyé, kọ́mà la sì fi ń ya nǹkan inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Excel fúnra rẹ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé lójú-ewé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Faransé, .FormulaLocal ni kó lò, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ti òun kò ní kọjá Okpara.

Gbogbo ìyẹn jẹ́ ìrìn-àjò lásán. Ibi tó ti dùn wá ń bọ̀.

Ìkìlọ̀ sú wa. A kọ̀wé sí ọmọ wa ní Ìbàdàn pé kó ṣe é kí ìkìlọ̀ má jáde mọ́. Àwa la bẹ̀ ẹ́ o, ẹ má bú u. Ó fi ìlà kan sí òkè: On Error Resume Next. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, má sọ fún ẹnikẹ́ni, máa bá tìrẹ lọ. Inú wa dùn. Gíráàfù jáde, ó ní àwọ̀, ó mọ́. A tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a gbé e lọ sípàdé.

Ti CM1 rí bí ẹnu àgbàlagbà tí eyín ti yọ. Ọ̀pá kan ga, ọ̀pá kejì kò sí, méjì ga, ẹ̀kẹta kò sí. Odo, odo, odo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ Màdáàmù ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ láti oṣù kẹwàá. Bàbá kan dìde, ó ní: "Mẹ́tìrì, ẹ ti fi ìwé han èmi pé ọmọ mi gba méjìlá ààbọ̀. Òdo yìí ńkọ́?" A wo gíráàfù, a wo ara wa, ẹnì kan nínú wa sì dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Màdáàmù jókòó, kò sọ nǹkan kan. Ojú ṣì ń tì wá títí dòní.

Alẹ́ ọjọ́ náà la wá wò ó. Fóònù ni Màdáàmù fi ń kọ, fóònù rẹ̀ sì ń fi àmì ìdánudúró kọ ààbọ̀: 12.5. Excel tí ń sọ Faransé, kọ́mà ló mọ̀: 12,5. Tó bá rí 12.5, kò gbà pé nọ́ńbà ni, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí, bí ẹni kọ "iṣu" síbẹ̀. Gíráàfù kì í sì í ya ọ̀rọ̀. Òdo ló ń fi í pè. Ọmọ tó gba 12 géérégé ní ọ̀pá. Ọmọ tó gba 12 ààbọ̀, tó ṣe dáadáa jù ú lọ, òdo ló gbà. MOYENNE náà fò wọ́n kọjá, kò kà wọ́n rárá, nítorí náà ìpíndọ́gba kíláàsì kò burú tó bẹ́ẹ̀ lójú, òun ni kò jẹ́ kí a fura. Ẹ̀rí sì wà lójú-ewé gbangba tí a ò wò: bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, nọ́ńbà máa ń sún mọ́ ọwọ́ ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ á sún mọ́ ọwọ́ òsì. Ti Màdáàmù, ìdajì rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní "ṣé ẹ ti wá tún un ṣe", ẹ dúró. A tún un ṣe, a sì tún bà á jẹ́. Ẹnì kan kà á níbì kan pé Val ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. A fi Val sí i fún gbogbo kíláàsì. Òdo tán ní CM1, a yọ̀. Ṣùgbọ́n Val kò mọ kọ́mà, àmì ìdánudúró nìkan ló mọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kíláàsì tó kọ tiwọn dáadáa, ó rí 12,5, ó ka 12, ó dúró níbi kọ́mà, ó ju ààbọ̀ nù. A gba Màdáàmù là, a sì jí ààbọ̀ máàkì lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tó kù. Kò sí ìkìlọ̀ kankan, kò sí òdo tí ojú lè rí, ọ̀pá kàn kúrú díẹ̀ ni. Ọmọ CM2 kan tó gba 9,5 di 9. Ìwé àgbà tó ń fi bíìkì kọ ló tú wa fó: ó ṣírò tirẹ̀ lórí bébà, kò bá tiwa mu, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan bá ń sọ pé kí a padà sí ìwé àti bíìkì, a kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́. Ìwé àgbà yẹn kò jẹ ààbọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ dára nítorí pé ìlà kan ni ọmọ kan wà, òpó kan ni ẹ̀kọ́ kan wà, kò sì sí ohun tí ó fi pamọ́. Ìwà yẹn ni kò sí nínú Excel wa. Bíìkì kọ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyà ará oko nìyí. Ní 2010, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, tẹ ìwádìí jáde lórí gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn ìjọba sì gbé e gẹ̀gẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ dín owó ìná kù. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Massachusetts, Thomas Herndon, gba fáìlì Excel wọn, ó ṣí i. Iṣẹ́ ìpíndọ́gba wọn dúró kó tó dé òpin àtẹ: nínú orílẹ̀-èdè 20, márùn-ún ò sí nínú rẹ̀, láti Australia títí dé Denmark. Àríyànjiyàn mìíràn wà nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n B31 tiwa náà ni ìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 2020 ńkọ́? Àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó èsì àyẹ̀wò kòrónà láti oríṣiríṣi ilé àyẹ̀wò sínú fáìlì Excel ti ayé àtijọ́, .xls, tí kò lè gbà ju ìlà 65.536 lọ. Nígbà tó kún, èyí tó kù dànù láìsọ̀rọ̀. Ènìyàn 15.841 tí àyẹ̀wò ti rí àrùn lára wọn kò wọ inú iye tí a kéde lásìkò, àwọn tí wọ́n ti bá pàdé kò sì tètè gbọ́. Níbẹ̀ náà, gíráàfù ń jáde lójoojúmọ́, ó ń lẹ́wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Excel ò gbà kí ìlà kan nínú gíráàfù kan mú nọ́ńbà láti ojú-ewé méjì. Ojú-ewé kan ṣoṣo ni. Ẹ fẹ́ kí máákírò so oṣù kẹwàá tó wà níbí mọ́ oṣù kejìlá tó wà lọ́hùn-ún, erreur 1004 ni yóò ju lù yín, kò sì sí oníṣẹ́ kankan ní Cotonou tàbí ní Ìbàdàn tí yóò fi agbára mú un. Ọ̀nà rẹ̀ ni kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ kan kí a tó ronú kan gíráàfù: ilé ìwé, kíláàsì, ọmọ, ẹ̀kọ́, oṣù, máàkì. Ìlà kan, máàkì kan. Kò sí àpótí tí a dà pọ̀, kò sí ìlà òfìfo, kò sí àpapọ̀ láàárín, kò sí àwọ̀ tó ń sọ ohun tí a ò kọ. Kí máákírò kan kó o jọ, kí òmíràn yà á, kí a lè wo ohun tí èkíní kó kí èkejì tó kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni, àtẹ gígùn ni, kò rẹwà. Kò sí ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Orúkọ ọmọ tún ń kọ́? Ìwé ìbí níhìn-ín kọ Adékounlé, olùkọ́ kan kọ Adékúnlé, ẹlòmíràn kọ ADEKUNLE, ó sì fi àyè kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ojú ò rí. Ọmọ kan di mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdá mẹ́ta máàkì rẹ̀. SUPPRESPACE lè yọ àyè yẹn kúrò, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé Chola ni Ṣọlá. A ò ní kí ẹnikẹ́ni fi bí a ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan láti CI títí dé CM2, kí máákírò máa tẹ̀ lé nọ́ńbà, kí orúkọ sì wà bí ilé ọmọ ṣe ń pè é.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ara wa, àwa olùkọ́ agbègbè yìí, a ti kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn kan sì ti bínú sí wa lórí rẹ̀. Kí On Error Resume Next jáde kúrò nínú fáìlì tí máàkì ọmọ wà nínú rẹ̀. Bí máákírò bá kọ̀, kó kọ̀ lójú gbogbo wa. Kí a má gbé gíráàfù kankan lọ síwájú òbí tí a ò tíì fi bíìkì ṣírò ọmọ mẹ́ta nínú rẹ̀, èkíní, èyí tó gbẹ̀yìn, àti ọ̀kan tó ní ààbọ̀. Àwọn kan ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Bàbá tó dìde yẹn, ta ló fi àkókò rẹ̀ ṣòfò? Kí ẹni tó sọ pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́ lọ bẹ Màdáàmù níwájú àwọn tó wà níbẹ̀, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ẹni náà ti gbà. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa, òun náà wà lára àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí fáìlì yín kọ̀, níhìn-ín tàbí ní Ṣakí, ẹ má kàn wí pé "kò ṣiṣẹ́" fún wa. Ẹ tẹ Alt àti F11, ẹ máa tẹ F8, àṣẹ á máa lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ìlà tó dúró sí, tí àwọ̀ ìyeyè bò, ẹ sọ nọ́ńbà àṣìṣe náà, ẹ sì sọ èdè tí Excel yín ń sọ. Ẹ bo orúkọ àwọn ọmọ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ti CM1 àti CM2 ti wà nínú àtẹ kan ṣoṣo báyìí. Ti CE2 ló kù, ojú-ewé kan fún ọmọ kan, ọmọ 52.